Àìsàn Tí Mo Fi Dá Òfin Dúró

Ara mi le kokooko láàárọ̀ ọjọ́ tí mo pe ọ́fíìsì pé mi ò lè dìde. Mo ti wẹ̀, mo ti jẹun, mo tiẹ̀ ti fọ abọ́. Mo wá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mo sọ ohùn mi di ti aláìsàn, mo sì parọ́ fún obìnrin tó kọ́ mi níṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí lè ní kí ló wà nínú irọ́ àìsàn, ta ni kò pa á rí? Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ná, kí ẹ tó rẹ́rìn-ín.

Ọ́fíìsì tí ìjọba ti ń kọ òfin ni mo ti ṣiṣẹ́. Kì í ṣe àwọn tó ń pariwo nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni mò ń wí o. Àwa la máa ń jókòó sí yàrá ẹ̀yìn, tí a ń wá ọ̀rọ̀ tí kò ní ihò tí ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ lè gbà jáde. Obìnrin kan ló jẹ́ àgbà níbẹ̀. Gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é ní Ìyá Kọ́mà, torí pé bí kọ́mà kan ṣoṣo bá ṣìnà, láti ẹnu ọ̀nà ni yóò ti rí i. Èmi ló ń pè ní Olóhùn Iyọ̀. Nítorí ohùn mi ló ṣe mú mi láàárín gbogbo àwọn tó wá wáṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ó nídìí tó fi ń wá ohùn. Kò sí òfin tó ń jáde lọ́dọ̀ wa tí ẹni méjì kò ní kọ́kọ́ kà. Ẹnì kan á máa kà á sókè, tòun ti kọ́mà, tòun ti àmì ìdánudúró. Ẹnì kejì á máa fojú bá a lọ nínú ẹ̀dà tí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Bí nǹkan bá ṣìnà, Ìyá Kọ́mà á fi rúlà gbá tábìlì, kọ́! Mo gbọ́ kọ́ yẹn títí mo fi ń gbọ́ ọ lójú oorun.

Ibi tó ti máa ń gbá rúlà jù ni ibi tí òfin bá ti sọ ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ tí kò sọ ẹni tó máa ṣe é. Á ní, "Ta ni?" Òfin tí kò bá sọ ẹni tó ń bá wí, afẹ́fẹ́ ló ń bá wí, lójú tirẹ̀.

Lára iṣẹ́ wa ni àwọn èèwọ̀ tó ń ti òde wá. Bí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé bá jókòó, tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ta nǹkan báyìí fún ìjọba kan tó ń pa àwọn èèyàn rẹ̀, ìjọba tiwa ti tọwọ́ bọ̀wé pé a ó tẹ̀ lé e. Àmọ́ ọ̀rọ̀ wọn nìkan ò lè mú oníṣòwò kankan nílùú wa. A gbọ́dọ̀ kọ ọ́ di àṣẹ lábẹ́ òfin tiwa, kí mínísítà fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìkéde ìjọba. Ọjọ́ tó bá jáde níbẹ̀ ló tó di ẹ̀ṣẹ̀.

Ìyá Kọ́mà ló là á yé mi nígbà tí mo dé tuntun. Ó ní bí àwọn bàbá àdúgbò bá ṣèpàdé pé kí ọmọ kankan má lọ wẹ̀ lódò mọ́, ìgbà tí bàbá tìẹ bá délé, tó sọ ọ́ létí ẹ, ni wọ́n tó lè nà ẹ́.

"Àwa ni ẹsẹ̀ bàbá tó ń bọ̀ wálé," ló wí. "Bí a bá ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, omi á ti gbé ọmọ lọ."

Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Mo rò pé àpèjúwe lásán ni.

Bọ̀ọ̀dá mi ló tọ́ mi. Ojú títì ni bàbá wa kú sí, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń sáré àsápajúdé ló kọlù ú. Bọ̀ọ̀dá mi ò tíì hu irùngbọ̀n. Ó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, òun ló sì rán mi níwèé dé ibi tí mo kà á dé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ra ọkọ̀ akẹ́rù tó ti gbó, kó tún un ṣe, kó gbé e ga kó lè gba inú iyanrìn àti ẹrẹ̀, kó sì tà á sílẹ̀ òkèèrè. Gbogbo ọkọ̀ tó bá jáde lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa ń fi ọ̀dà funfun kọ "Ẹ RỌRA" sí lẹ́yìn, lẹ́tà ńláńlá. Nítorí bàbá wa ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fòfin de títa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìjọba kan lókè òkun tó ń kógun ti àwọn abúlé rẹ̀. Iṣẹ́ náà dé orí tábìlì wa, wọ́n ní kánjúkánjú ni. A kọ ọ́ tán lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ku kí a kà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, mo lọ kí bọ̀ọ̀dá mi ní yáàdì rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ náà tò sí ìlà kan, aláwọ̀ búlúù ni gbogbo wọn, ọ̀dà funfun ẹ̀yìn wọn ò tíì gbẹ tán. Ọkọ̀ òkun tó máa gbé wọn ti dé èbúté. Bọ̀ọ̀dá mi ti gbọ́ nǹkan lórí rédíò, ara rẹ̀ ò balẹ̀.

"Ṣé èyí tí wọ́n ń sọ yẹn ti di òfin lọ́dọ̀ tiwa?" ló bi mí.

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Mo ti búra lọ́jọ́ tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ pé ohun tó bá wà lórí tábìlì wa kò ní tẹ̀ lé mi jáde. Àmọ́ bọ̀ọ̀dá mi mà ni.

"Kò tíì dà á."

"Kí ló wá kù?"

"Ó ku kí àwa méjì kà á."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ń fi àkísà nu epo ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin méjì péré? Kí ẹnì kan nínú yín ṣáà bá mi ṣàìsàn díẹ̀, kí ọkọ̀ mi fi lọ."

Àwàdà ni. Kò bẹ̀ mí, kò tún un sọ. Ì bá sàn ká ní ó bẹ̀ mí, ǹ bá rí ẹni bá mi pín nínú ẹ̀bi náà. Ohun tó sọ lẹ́yìn ìyẹn ni pé gbogbo ohun tí òun ní ló wà nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn, pé bí wọn ò bá lọ, òun máa ní kí àwọn wẹ́dà òun àti àwọn tó ń bá òun kun ọkọ̀ máa lọ ilé wọn. Mo bi í pé ta ló rà wọ́n. Ó ní oníṣòwò kan lórílẹ̀-èdè náà ni, kì í ṣe sójà. Mo gbà á gbọ́, torí pé mo fẹ́ gbà á gbọ́.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo fi ń bá ara mi ṣẹjọ́, èmi agbẹjọ́rò, èmi adájọ́. Ohun tí kò tíì dòfin kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Mi ò ní jí ìwé, mi ò ní yí ọ̀rọ̀ padà, mi ò ní gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo kàn máa sùn ni. Ta ni wọ́n mú rí nítorí pé ó sùn?

Mo dá ara mi láre. Nígbà tó di àárọ̀ Mọ́ńdè, mo gbé fóònù.

Ẹnì kẹta tó mọ irú kíkà yìí lọ́fíìsì wa ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i lókè òkun. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó dùbúlẹ̀. Mo sì mọ̀ pé Ìyá Kọ́mà ò lè dá òfin kà láéláé.

Lọ́jọ́ kejì, ó wá wò mí. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo sáré wọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, mo fà á dé ọrùn nínú ooru. Òógùn bò mí, òógùn yẹn gan-an ló sì jẹ́rìí gbè mí.

Ó jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó ra ọsàn wá, ó ti bó wọn láti ilé. Kò fọwọ́ kàn mí láti mọ̀ bóyá ara mi gbóná. Mo ní ara mi ò yá, ara mi ò yá náà nìyẹn.

Ó sọ fún mi pé ọ̀gá wa ti ń yọ òun lẹ́nu. Ọ̀gá ní kó dá a kà, tàbí kó pe akọ̀wé èyíkéyìí kó bá a kà á. Ó ti kọ̀.

"Mo ní kí wọ́n ní sùúrù. Mo ní ẹni tí mo kọ́ fúnra mi ń bọ̀ lọ́la tàbí ọ̀túnla. Ojú ẹ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé." Ó ti abọ́ sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Jẹ ọsàn, Olóhùn Iyọ̀."

Mo jẹ ẹ́ lójú rẹ̀. Ó dúró títí mo fi jẹ ẹ́ tán, ó gba kóró rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó dà á nù, ó sì lọ.

Lọ́jọ́bọ̀ ni bọ̀ọ̀dá mi pè. Ó ní, "Wọ́n ti gbéra o!" Ayọ̀ wà lóhùn rẹ̀, mo sì bá a yọ̀. Mo ní àìsàn tèmi náà ti bá ọkọ̀ lọ. Ó ní kí n tún un sọ, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. Báyìí ló ṣe mọ̀.

Ara mi yá lọ́jọ́ Ẹtì. A ka àṣẹ náà láàárọ̀. Nígbà tí mo dé ibi tó ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ta ọkọ̀ náà, kọ́mà, ní tààrà tàbí nípasẹ̀ ẹlòmíràn, kọ́mà, mo dáwọ́ kíkà dúró, mo ní kí wọ́n bá mi bu omi. Ìyá Kọ́mà ní kí n rọra, ara mi ò tíì bọ̀ sípò. Kò gbá rúlà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mínísítà fọwọ́ sí i, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ó tó oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọ̀sán ni, a wà ní yàrá ìjẹun ilé iṣẹ́, tẹlifíṣọ̀n wà lára ògiri. Wọ́n ń fi ogun ìlú yẹn hàn. Àwọn ìyá gbé ẹrù rù, wọ́n ń sáré gba inú oko. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tí wọ́n de ìbọn ńlá mọ́ ń lé wọn bọ̀. Nígbà tó yí po, ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí wa, a sì rí lẹ́tà funfun lára búlúù.

Ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ wò ó, èdè wa ni wọ́n kọ sẹ́yìn ọkọ̀ yẹn.

Ìyá Kọ́mà, ẹni tó máa ń ka gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ, kà á sókè. "Ẹ rọra," ló wí.

Mo dìde, mo lọ bì sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá ṣe mí bí àìsàn.

Kò pẹ́ tí ìgbìmọ̀ àgbáyé fi kọ̀wé sí ìjọba wa. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ wa ni àwọn ọkọ̀ náà ti gbéra, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi èèwọ̀ lélẹ̀, kí òfin tiwa tó jáde. Wọ́n ní kí ló fà á tí òfin wa fi pẹ́. Ọ̀gá wa ń wá orí tó máa gbé e lé, orí Ìyá Kọ́mà ló sì sún mọ́ ọn jù, torí pé òun ló kọ̀ láti dá a kà. Wọ́n fún un ní kúẹ́rì. Ó fèsì pé òun lòun ní kí wọ́n dúró. Kò dárúkọ mi.

Wọ́n ní kó máa lọ ilé títí ìgbìmọ̀ ìwádìí yóò fi jókòó. Ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìntì. Àwa ọmọ iṣẹ́ ti ń múra ayẹyẹ ìdágbére rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní ká dá a dúró. Ṣé wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé? Ìka tí kò ṣẹ̀ ni wọ́n ń gé lọ́fíìsì wa, èmi tí mo ṣẹ̀ ń wòran.

Kì í ṣe ìwòran nìkan. Wọ́n fi mí sórí àga rẹ̀ kí iṣẹ́ má baà dúró, mo sì jókòó.

Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ọ̀la ni màá sọ ọ́. Lójoojúmọ́ ni mo tún ń ṣe bí ẹni bu omi sẹ́nu. Ẹ̀rù ohun tí wọ́n lè ṣe fún bọ̀ọ̀dá mi bà mí, ẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́ bà mí, kí n má parọ́, ẹ̀rù ojú Ìyá Kọ́mà ló bà mí jù.

Ọjọ́ tó wá kó ẹrù rẹ̀ ni àṣírí tú. Kò lẹ́rù púpọ̀: tìmùtìmù tó máa ń fi sẹ́yìn, ife tíì rẹ̀, àti rúlà yẹn. Ọ̀gá wa dúró tì í, ojú ń tì í, ó ń sọ̀rọ̀ oòrùn àti òjò. Èmi náà ń bá wọn wá àpò tí wọ́n máa kó o sí.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Bọ̀ọ̀dá mi ni, ó wọ aṣọ tó dáa, ó gbé kéèkì lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún un pé wọ́n gbé mi sípò tuntun, ó sì wá bá mi yọ̀. Nígbà tó rí Ìyá Kọ́mà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ̀yin ni màmá tí àbúrò mi máa ń sọ. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ́ ọ níṣẹ́, mà. Ọmọ yìí ló gbà mí o." Ó dìde, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀gá wa. "Mo kàn fi ṣàwàdà ni pé kí ẹnì kan ṣàìsàn kí ọkọ̀ mi fi lọ. Àfi bó ṣe lọ dùbúlẹ̀ lóòótọ́, tó fi odidi ọ̀sẹ̀ ṣe aláìsàn nítorí tèmi."

Kò mọ ohun tó sọ. Mi ò tíì sọ fún un nípa tẹlifíṣọ̀n, mi ò sọ fún un nípa kúẹ́rì. Ẹ̀rín rẹ̀ ló kọ́kọ́ kú, nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rín in.

Ọ̀gá wa yíjú sí mi. Mi ò wò ó. Ìyá Kọ́mà ni mò ń wò. Ó gbé ife tíì sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ọsàn tí mo gbé wá ńkọ́?" ló bi mí. "Gbogbo bí o ṣe ń jẹ ẹ́ yẹn, kò sí nǹkan tó ṣe ẹ́?"

"Kò sí, mà."

Ó mi orí. Ó gbé àpò rẹ̀, ó sì jáde. Ó gbàgbé rúlà sórí tábìlì.

Wọ́n pe èmi náà síwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí. Ìyá Kọ́mà wà níbẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú báàgì lórí ẹsẹ̀. Mo ti múra ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ láti ilé, mo ti dán an bí ẹni dán bàtà.

"Ìdádúró kan wáyé nínú kíkà àṣẹ náà," ni mo bẹ̀rẹ̀. "Nítorí àìlera tí wọ́n gbọ́ pé ó—"

Kọ́. Ìka ọwọ́ ló fi gbá apá àga rẹ̀, kò sí rúlà. Gbogbo yàrá yíjú sí i.

"Ta ni?" ni Ìyá Kọ́mà wí.

Alága ìgbìmọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, mo gbà á mọ́ ọn lẹ́nu.

"Èmi ni," ni mo wí. "Èmi ni mo dá òfin dúró. Nǹkan kan ò ṣe mí. Mo parọ́ fún ìyá yìí kí ọkọ̀ bọ̀ọ̀dá mi lè lọ, mo sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n gbé e lé wọn lórí."

"Máa bá a lọ," ló wí, bó ṣe máa ń wí nígbà tí mo bá tún un kà tó bá tọ̀nà.

Mo bá a lọ dé òpin.

Wọ́n pe bọ̀ọ̀dá mi náà, wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò látòkèdélẹ̀, wọ́n ní kò rú òfin kankan. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ gbéra, kò tíì sí òfin tó rú. Ó délé, ó wo fídíò ogun yẹn lórí fóònù mi, ó wò ó títí. Láti ọjọ́ náà, kò kọ ohunkóhun sẹ́yìn ọkọ̀ mọ́. Èmi ni wọ́n lé níṣẹ́, ó sì tọ́ sí mi. Wọ́n dá orúkọ Ìyá Kọ́mà padà fún un, wọ́n tún fẹ́ ṣe ayẹyẹ rẹ̀, ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ ṣe wàhálà.

Mo máa ń ronú nípa àwọn ìyá tó ń sáré nínú oko yẹn. Ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ mìíràn ni ì bá lé wọn ká ní èyí ò lọ. Mo ti gbìyànjú láti fi ìyẹn tu ara mi nínú, kò ràn mí. Ẹni tó bá wà nídìí iṣẹ́ tí ẹ̀mí ẹlòmíràn so mọ́, tó ń sọ pé òun kàn fẹ́ sùn díẹ̀ ni, kó rántí mi.

Lọ́dún tó kọjá, àìsàn gidi dé bá mi. Ibà ló gbé mi dè, eyín mi ń gbá ara wọn. Mi ò pe ẹnikẹ́ni. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ pé ara mi ò yá? Ìyàwó bọ̀ọ̀dá mi ló wá bá mi nílẹ̀, òun ló sì pe Ìyá Kọ́mà láìsọ fún mi. A ò tíì fojú kanra láti ọjọ́ ìgbìmọ̀ yẹn.

Ó wọlé ní ọ̀sán, ó ti darúgbó sí i. Mo fẹ́ dìde kí n kúnlẹ̀, ó ní kí n dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ó dúró lórí mi pẹ̀lú báàgì léjìká, ó ń wò mí, mo sì gbọ́ òórùn ọsàn nínú báàgì náà.

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn mi. Ó tún kan iwájú orí mi, ó fi í síbẹ̀ pẹ́. Ìgbà tó dá a lójú pé ó gbóná lóòótọ́ ló tó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀.